Jean-Henri Fabre, Ọ̀rẹ́ Àwọn Kòkòrò

Ní ọdún 1823, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé, ní abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Saint-Léons. Jean-Henri ni wọ́n sọ ọ́. Fabre ni orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn òbí Henri kò lówó. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bí àbúrò, oúnjẹ ilé kò tó wọn mọ́. Wọ́n bá mú Henri lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀, ní oko kan tó ń jẹ́ Malaval. Òtútù ibẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà náà ń sin màlúù àti àgùntàn, wọn kò mọ̀wé. Ẹsẹ̀ lásán ni Henri fi ń rìn kiri. Wọ́n fi okùn so aṣọ ìnumú rẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀ kí ó má baà sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù rẹ̀ ló sábà máa ń fi nu imú.

Ní ọjọ́ kan, Henri dúró níta, ó kọjú sí oòrùn. Kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà dùn mọ́ ọn. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni òun fi ń rí ìmọ́lẹ̀ yìí? Ṣé ẹnu ni, àbí ojú?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà, ó sì di ojú rẹ̀. Oòrùn lọ. Ó la ojú, ó pa ẹnu dé. Oòrùn padà dé. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà ni ó rí. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ní alẹ́, ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Gbogbo wọn fi í ṣe ẹ̀rín. Ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ní àkókò yìí kan náà, ó máa ń gbọ́ ohùn kékeré kan nínú igbó ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹyẹ ni? Ó lọ ṣọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní. Bí ó bá ti mira, ohùn náà á dákẹ́. Ó lọ ní ọjọ́ kejì. Kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó na ọwọ́ wàì, ó mú un. Kì í ṣe ẹyẹ. Kòkòrò kan ni, ó jọ tata, itan rẹ̀ sì ki.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje, wọ́n mú un padà sí Saint-Léons láti lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀yin ọmọ, ilé ìwé yẹn kò dà bí tiyín. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sùn. Ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ máa ń wọlé wá bá wọn. Olùkọ́ náà tún máa ń gẹ irun fún àwọn ará abúlé, òun ló sì ń lu agogo ìjọ. Henri kò tètè mọ ábídí. Bàbá rẹ̀ wá ra ìwé kan fún un láti ìlú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, wọ́n ya àwòrán ẹranko kan. Kò pẹ́ tí Henri fi mọ̀wé kà. Àwọn ẹranko ló kọ́ ọ!

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ni láti da àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lọ sí etí omi. Bí àwọn pẹ́pẹ́yẹ bá ń wẹ̀, òun á máa ṣa òkúta tó ń dán, á máa mú kòkòrò. Ó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò títí àpò fi ya. Nígbà tí ó bá délé, ìyá rẹ̀ á bá a wí, bàbá rẹ̀ á ní kí ó lọ da ìdọ̀tí náà nù.

Ìṣẹ́ tún le sí i. Ìdílé náà ń kó láti ìlú kan dé òmíràn láti wá oúnjẹ. Ó di ọjọ́ kan, Henri ní láti dá wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ó ta ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́jà. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Nígbà kan, ó fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ìwé kan, èso àjàrà tó ṣa lóko ni ó sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìdánwò ní ìlú Avignon, fún àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ẹni tó bá yege, ìjọba ni yóò máa bọ́ ọ, ìjọba ni yóò máa kọ́ ọ. Henri ṣe ìdánwò náà. Òun ló gba ipò kìíní. Ní ọdún 1842, ó di olùkọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Owó iṣẹ́ náà kéré, ọmọ rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀kọ́, ó máa ń jókòó sínú oòrùn láti wo àwọn agbọ́n tó ń gbé inú ilẹ̀. Agbọ́n kan wà tó máa ń mú kòkòrò mìíràn lọ sínú ihò rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti jẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ á kọjá, kòkòrò inú ihò náà kò ní jẹrà. Ọ̀mọ̀wé kan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kòkòrò náà ti kú, pé oògùn ni agbọ́n fi sí i lára kí ó má baà bàjẹ́. Fabre lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó rí i pé kòkòrò náà kò kú rárá. Agbọ́n ti ta á níbi tí kò ti lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè. Ohun tí Fabre kọ nípa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Darwin, ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yìn ín.

Ní Avignon, Fabre tún ń kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba àwọn ọmọbìnrin láàyè pẹ̀lú, ó sì kọ́ wọn bí òdòdó ṣe ń di èso. Inú bí àwọn kan. Wọ́n ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọbìnrin. Àwọn tó ni ilé tí Fabre ń gbé lé e jáde, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún. Kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ John Stuart Mill, ló yá a lówó tó fi kó ẹrù. Fabre san owó náà padà. Ìwé tí ó ń kọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ló fi ń jẹun láti ìgbà náà lọ.

Ní ọdún 1877, ọmọ rẹ̀ Jules kú. Jules fẹ́ràn kòkòrò bíi bàbá rẹ̀, òun ló sì máa ń bá a wá wọn kiri. Fabre sunkún rẹ̀ púpọ̀. Ó fi orúkọ ọmọ náà sọ àwọn agbọ́n kan tí ènìyàn kò tíì sọ lórúkọ rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó rí owó ra ilé kan ní abúlé Sérignan. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta àti ẹ̀gún. Harmas ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kò lè rí nǹkan mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú Fabre dùn sí i gidigidi, nítorí àwọn kòkòrò fẹ́ràn ibẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà.

Kòkòrò kan wà ní Harmas tí àwọn àgbẹ̀ kórìíra. Ó rí bí ekòló tó ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Inú ilẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí, á sì máa jẹ ìdí ohun ọ̀gbìn títí wọn yóò fi kú. Agbọ́n kan sì wà tó ń wá kòkòrò yìí kiri láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Fabre fẹ́ rí bí agbọ́n ṣe ń mú un. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ọgbà jọ wá kòkòrò náà. Wọ́n wa ilẹ̀ títí, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọn kò rí ẹyọ kan.

Fabre wá ṣe ohun kan. Ó jókòó, ó ń wo agbọ́n. Níbi tí agbọ́n bá ti ń họ ilẹ̀, ó fi ọ̀bẹ wa ibẹ̀. Ó rí kòkòrò kan! Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó rí òmíràn. Ṣé ẹ rí i? Ènìyàn tó ní ojú méjì tó ríran kò mọ ibi tí kòkòrò wà, agbọ́n mọ̀ ọ́n láti òkè ilẹ̀. Kí ni agbọ́n fi mọ̀ ọ́n? Fabre gbé kòkòrò náà sún mọ́ imú. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìbéèrè yẹn tún padà wá bá a, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo ará ilé rẹ̀ kò gbàgbé.

Ẹ mọ àfòpiná, labalábá alẹ́ tó máa ń fò yí àtùpà ká. Àfòpiná kan wà ní ilẹ̀ Faransé tó tóbi ju gbogbo àwọn tó kù ní Yúróòpù lọ. Ohun tó jọ ojú wà lórí ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó wà ní kékeré, ewé ló ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ó máa ń hun ilé òwú yí ara rẹ̀ ká, á sì sùn sínú rẹ̀. Irú ilé òwú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń hun aṣọ sányán. Nígbà tí àfòpiná bá jáde, kì í jẹun mọ́ rárá. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló ń lò láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, abo àfòpiná ńlá kan jáde láti inú ilé òwú rẹ̀ lórí tábìlì Fabre. Fabre fi àgò kékeré kan bò ó. Asẹ́ onírin ni wọ́n fi ṣe àgò náà, kì í ṣe ọparun. Ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn ará ilé fẹ́ sùn. Àfi gìrìgìrì nínú yàrá Paul, ọmọ Fabre kékeré. Paul ti bọ́ aṣọ rẹ̀ tán díẹ̀ ló kù. Ó ń sáré, ó ń fò sókè, ó ń ti àga ṣubú. Ó ń pe bàbá rẹ̀ kí ó wá wo àfòpiná tó tóbi bí ẹyẹ. Wọ́n kún inú yàrá rẹ̀!

Fabre rántí èyí tó wà lábẹ́ àgò. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ti kọjá ní ilé ìdáná, wọ́n rí obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó ń fi aṣọ ìdáná lé àwọn àfòpiná kiri, àdán ló pè wọ́n. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ Fabre. Fèrèsé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn àfòpiná ń fò yí àgò náà ká, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń bà lé wọn léjìká. Wọ́n fi ìyẹ́ gbá àbẹ́là, iná sì kú. Àwọn tó sọ ọ́ ní àfòpiná kò purọ́! Paul di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú ṣinṣin.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nínú gbogbo ilé, wọ́n tó ogójì. Akọ ni gbogbo wọn. Láàárín alẹ́ mẹ́jọ, nǹkan bí àádọ́jọ akọ ló wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò náà kò wọ́pọ̀ ní agbègbè yẹn.

Òkùnkùn ṣú, igi yí ilé ká. Ta ló sọ fún wọn pé abo kan wà lábẹ́ àgò? Ọmọ tó béèrè ní Malaval bóyá ẹnu ni òun fi ń rí oòrùn ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà wá ìdáhùn. Ó dán an wò.

Ó gbé àgò náà láti yàrá kan sí òmíràn. Àwọn akọ wá a rí. Ó fi abo sínú àpótí, ó dí gbogbo ihò rẹ̀ pátápátá. Kò sí akọ kan tó wá. Ó lo àpótí tí kò dé dáadáa, ó sì gbé e pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wá. Nítorí náà, nǹkan kan ń ti ara abo jáde, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì ń pe akọ. Ṣé òórùn ni?

Fabre gbóòórùn abo náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí àwọn ọmọdé gbóòórùn rẹ̀. Àwọn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá kó káfúrà yí i ká, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ, kí òórùn káfúrà lè bo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn akọ dé bí ẹni pé kò sí káfúrà rárá. Fabre fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kì í ṣe òórùn. Báwo ni òórùn tí ènìyàn kò gbọ́ rárá ṣe lè dé ọ̀nà jíjìn?

Ọmọ ọdún méje kan ló mú ìdáhùn wá láìmọ̀. Ọmọ náà máa ń gbé tòmátì wá tà nílé Fabre. Ẹsẹ̀ lásán ni, kì í fọjú lójoojúmọ́. Nígbà tí ó lọ já koríko fún ehoro, ó rí ilé òwú kan lára igbó, ó sì mú un wá fún Fabre. Fabre fún un lówó, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó wá òmíràn. Àfòpiná mìíràn tó kéré ju ti àkọ́kọ́ ló jáde láti inú rẹ̀. Abo ni. Ní ọ̀sán gangan, nǹkan bí ọgọ́ta akọ ló wá bá a. Ṣùgbọ́n abo náà kò pẹ́ láyé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Fabre àti àwọn ọmọdé abúlé fi wá irú rẹ̀ kí wọ́n tó tún rí i.

Ní ọjọ́ kan, Fabre mú abo náà kúrò lórí ẹ̀ka igi tó ti bà lé fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé e sábẹ́ ìgò dígí, sí iwájú fèrèsé, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ó gbé ẹ̀ka lásán náà sórí àga kan ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Àwọn akọ dé. Wọ́n fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, wọn kò bojú wo abo. Orí ẹ̀ka ni gbogbo wọn rọ́ lọ! Wọ́n ń wo abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì í síhìn-ín, wọ́n ń tì í sọ́hùn-ún, títí ẹ̀ka náà fi já bọ́ sílẹ̀. Abo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kù lára ewé.

Fabre wá gbà. Kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń wá ara wọn. Òórùn ni, òórùn tí imú ènìyàn kò lè gbọ́.

Fabre tún máa ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà kábéèjì. Labalábá funfun kan máa ń yé ẹyin sórí ewé kábéèjì. Ọmọ rẹ̀ á pa, wọ́n á sì jẹ ewé náà títí yóò fi ku egungun. Ṣùgbọ́n agbọ́n kékeré kan, tí kò tó ìyàn èèrà, máa ń wá àwọn ajẹwé yìí rí. Ó ń yé ẹyin sínú ara wọn. Ọmọ agbọ́n á dàgbà níbẹ̀, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jáde, wọ́n á sì hun ilé òwú aláwọ̀ ìyeyè wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ajẹwé náà. Fabre kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rẹ́ olóko ni agbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóko kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ìwé mẹ́wàá ni Fabre kọ nípa àwọn kòkòrò. Tábìlì kékeré kan báyìí ló fi kọ wọ́n. Ó kú ní Harmas ní oṣù Kẹwàá ọdún 1915. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọdún 1959, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì rí òórùn tí abo kòkòrò oníṣẹ́dà fi ń pe akọ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdajì mílíọ̀nù kòkòrò ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí ohun tí Fabre kò mọ̀ nípa kábéèjì. Nígbà tí ajẹwé bá ń jẹ ewé, itọ́ rẹ̀ á kan ewé náà. Kábéèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn mìíràn jáde. Òórùn yìí ni agbọ́n kékeré ń gbọ́ tí ó fi ń wá. Kábéèjì kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń kígbe.

Ẹ̀gẹ́ tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kan, tó dà bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára, dé sí Áfíríkà láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ewé ń ká kò, ebi sì ń bọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé lọ sí ibi tí kòkòrò náà ti wá, wọ́n rí agbọ́n kékeré tó ń pa á níbẹ̀. Ní ọdún 1981, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tiwa. Nígbà tí kòkòrò funfun bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ kan, òórùn ẹ̀gẹ́ náà á yí padà, agbọ́n á sì wá. Ó kéré púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ gàrí kò fi tíì rí i rí.